Kápúsù kì í ṣe àtíkè egbò

Bí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà bá jó ènìyàn lẹ́sẹ̀ ní Tákíẹ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, kó tó dé ilé, wọn á ti sọ fún un lọ́nà pé kó ra kápúsù, kó ṣí i, kó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Àwọn kan á ní Ampiclox ló dáa jù, àwọn mìíràn á ní tẹtirasáíkílínì aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò. Oníkẹ́mísìtì kì í sì í bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, yóò kàn gé méjì fún un lára káàdì ni. Ìmọ̀ràn kejì á tẹ̀ lé e: "Má dì í o, jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i kó lè tètè gbẹ."

Ìgbàgbọ́ yìí ti wá rí ẹlẹ́rìí tuntun báyìí. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí fóònù ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣe irú ohun ìbo-egbò kan tó ń tú oògùn apakòkòrò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ni wọ́n bá ní, ṣé ẹ rí i? Ohun tí àwa ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Pọ́límà, ìyẹn èròjà tí ẹyọ kéékèèké so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìbo-egbò náà. Ẹbí pọ́límà pọ̀: fóòmù wà níbẹ̀, ọ̀rá tí a fi ń di ọjà wà níbẹ̀, okùn tí dókítà fi ń rán ara tó sì ń yọ́ dànù fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń rí òmíràn nínú koríko inú òkun, wọ́n sì ń rí òmíràn lára èèpo edé. Wọ́n lè po pọ́límà àti oògùn mọ́ omi, kí wọ́n mú un dì gbagidi bíi yìnyín, kí wọ́n wá fa yìnyín náà kúrò láìjẹ́ kó padà di omi. Ibi tí yìnyín ti kúrò ló ń di ihò, oògùn á sì kù sínú ògiri àárín àwọn ihò náà. Àwọn mìíràn ń fi iná mànàmáná alágbára fa pọ́límà jáde bí fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, tí á máa kóra jọ léra wọn títí tí á fi di aṣọ pẹlẹbẹ.

Tí wọ́n bá fi lé egbò, omi ara egbò á wọ inú ihò wọ̀nyẹn, oògùn á sì máa yọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti bu omi sínú àmù rí mọ̀ pé ara àmù máa ń làágùn: omi ń gba inú amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó ń dà á. Bí oògùn náà ṣe ń jáde nìyẹn. Bí ihò bá ṣe tóbi sí àti bí ògiri bá ṣe nípọn sí ló ń sọ bóyá wákàtí díẹ̀ ni yóò fi jáde tàbí ọjọ́ púpọ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ pé èyí tó pọ̀ á kọ́kọ́ jáde láti kọlu kòkòrò tó wà nílẹ̀, ìyókù á wá máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ṣọ́ ibẹ̀.

Kápúsù kò ní ohun tó ń dá a dúró. Gbogbo oògùn inú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, omi egbò á gbé díẹ̀ lọ, ṣòkòtò á nu díẹ̀ lọ, tó bá fi máa di alẹ́, èyí tó kù níbẹ̀ lè má pa kòkòrò kankan mọ́. Kòkòrò tó bá rí oògùn díẹ̀ tí kò kú ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kojú rẹ̀. Lọ́dún 2019, ìṣirò àwọn olùwádìí fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa káàkiri àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú kòkòrò sitafilokókọ́ọ̀sì tó ń ba egbò jẹ́ ti ní èròjà tó ń fọ́ ampisílínì, ọ̀kan nínú oògùn inú Ampiclox, túútúú.

Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ló wà nínú kápúsù. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun mìíràn kún un kó má bàa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, èyí tí kì í yọ́ lójú egbò. Inú ikùn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo egbò tí wọ́n ti ń da kápúsù sí láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Èépá líle aláwọ̀ yẹ́lò á ti bò ó mọ́lẹ̀, etí rẹ̀ á ti sán. Ẹ tẹ etí náà díẹ̀, ọyún á rọra yọ jáde. Òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ ń rà. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fà á tu, torí awọ tuntun á bá a lọ. Á fi omi oníyọ̀ ilé ìwòsàn rin gọ́ọ̀sì, á fi lé e, á ní sùúrù, kó tó máa ṣí i wẹ́wẹ́. Aláìsàn á máa ké, á máa ṣépè fún kápúsù tó ń yìn lọ́jọ́ tó rà á.

Ewu mìíràn ni pé ara àwọn kan kò gba oògùn ẹbí pẹnisílínì, tí Ampiclox wà nínú rẹ̀. Dídà á sójú egbò lè kọ́ ara láti kórìíra rẹ̀, tí ọjọ́ tí wọ́n bá wá nílò rẹ̀ gan-an nílé ìwòsàn yóò fi di wàhálà. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti pa fífi pẹnisílínì sójú egbò tì nítorí èyí.

Ti atẹ́gùn ńkọ́? Lọ́dún 1962, George Winter, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó dá egbò sí ara ẹlẹ́dẹ̀ (ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀), ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó fi àwọn kan sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Awọ tuntun bo èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rá ní ìlọ́po méjì kíákíá ju èyí tó wà níta lọ. Awọ tuntun ń rákò ni, orí ibi tó tutù díẹ̀ ló sì ti ń rìn geere. Bí èépá gbígbẹ bá dínà mọ́ ọn, abẹ́ rẹ̀ ló máa gbà kọjá, ìyẹn sì ń fi àkókò ṣòfò.

Ní ti ohun ìbo-egbò olóògùn tí mo ń sọ yìí, ẹ má wá a lọ sí ọjà Wàsó. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú yàrá ìwádìí. Ní Yúróòpù, àwọn dókítà ń lo kànìnkànìn kọ́lájínì (èròjà tó ń mú awọ le) tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò jẹntamáísínì sí, pàápàá níbi iṣẹ́ abẹ. Èyí tó sún mọ́ ọn tí àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ̀ dáadáa ni Sofra-Tulle, ìyẹn gọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fi oògùn àti parafíìnì rin. Òun náà kì í ṣe ti gbogbo egbò. Egbò tó mọ́ kò nílò oògùn apakòkòrò kankan, yálà ti òyìnbó tàbí ti inú káàdì.

Tí sàlẹ́ńsà bá jó yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó mọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi yìnyín sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí epo pa á. Ọgbẹ́ lásán, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án dáadáa, ẹ fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ bò ó, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti rin. Bí pípọ́n rẹ̀ bá ń tàn kálẹ̀, tó ń rùn, tó ń yọ ọyún, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ló kàn, a kúkú ní ti LAUTECH àti ti Bowen nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má dùn ún rárá kó sì ti jinlẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọdún tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹtánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń gba ojú egbò wọlé, kẹ́yìn fún un.