Egungun Tilly: kókó inú ẹja tí wọ́n ń ṣì pè ní eyín

Ẹni tó bá ń ṣa fọ́sìlì létí òkun Florida tàbí North Carolina ní Amẹ́ríkà kò ní pẹ́ kan ohun kan: ó dúdú, ó rí roboto bí ẹ̀pà, ó ń dán, ó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Àwọn kan á ní eyín ni, àwọn mìíràn á ní èso igi tó ti di òkúta. Egungun ẹja ni. Tilly bone ni àwọn tó ń ṣa á ń pè é, wọ́n fi sọrí Tilly Edinger, obìnrin onímọ̀ fọ́sìlì tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1897.

Ńṣe ni egungun náà wú. Bí àwọn irú ẹja kan ti ń dàgbà ni egungun kan pàtó lára wọn ń ki, tó sì ń yọ kókó. Hyperostosis ni ìwé ìmọ̀ ń pè é. A kò lè kàn pè é ní àrùn, torí ara ẹja tó le koko ló máa ń wà, ojú kan náà ló sì sábà máa ń wú sí lára irú ẹja kan náà. Èyí gan-an ló jẹ́ kó ṣeé dá mọ̀.

Lo awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Ìkángun ni kí o kọ́kọ́ wò: apá tí kò wú tín-ín-rín, ó tètè ń kán, kùkùté rẹ̀ á sì kù sára kókó náà. Òkúta lásán kò ní irú rẹ̀. Eyín ní awọ líle tó ń dán bíi tánganran; kókó yìí kò ní in, ihò wẹ́wẹ́ ti egungun lo máa rí níbi tó ti ṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ojú méjèèjì ló jin bí abọ́, tí ìlà roboto sì yí i ká nínú, egungun ẹ̀yìn ẹja nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, gbé e dúró. Bí ọ̀tún àti òsì bá dọ́gba, àárín ara ló ti wá: téńté orí, tàbí ọ̀pá tó gbé lẹbẹ ró. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìhà tàbí èjìká ni kí o fọkàn sí. Má sáré fún un lórúkọ ẹja. Kókó kan ṣoṣo kì í sábà tó.

Má fi fínígà fọ̀ ọ́, á jẹ ojú egungun náà. Má sì gbà pé ó dúdú, torí náà ó pẹ́: ẹrẹ̀ lè pa egungun àná láró. Bí o bá fi iná kàn án tó rùn bí irun tó ń jó, ti òde òní ni. Àìrùn nìkan kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Yà á ní fọ́tò ní ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú rúlà, kí o sì kọ ibi tí o ti rí i sílẹ̀.

Caranx hippos àti Trichiurus lepturus, ẹja gígùn pẹlẹbẹ tó funfun bíi fàdákà, wà lára àwọn tó ń yọ kókó yìí, àwọn méjèèjì sì wà nínú òkun tiwa. Bí o bá bá a nínú ọbẹ̀, fọ̀ ọ́, sá a gbẹ, kọ orúkọ ẹja náà sí i lára. Irú rẹ̀ ni a fi ń wé ti fọ́sìlì.