Ọ̀rẹ́ tí a ò fojú rí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtàn Mats Steen

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fídíò ọmọ Norway yẹn, Mats Steen, ti tún ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Adó níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ránṣẹ́ sí mi torí wọ́n mọ̀ pé mò ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́. Wọ́n ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni, ṣé ó ṣeé ṣe, báwo lẹni tí kì í jáde nílé ṣe máa ní ọ̀rẹ́ tó pọ̀ tó yẹn. Mo ti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Ta ni Mats Steen, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọmọkùnrin ará Norway ni. Àìsàn tó ń jẹ iṣan ara ló mú un láti kékeré, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti dàgbà, nígbà tó yá ọwọ́ gan-an ò ṣeé gbé mọ́, ìka ló kù tó fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Oṣù kọkànlá ọdún 2014 ló kú, ọmọ ọdún 25. Bàbá àti ìyá ẹ̀ ti gbà lọ́kàn wọn pé ọmọ àwọn lọ láìní ọ̀rẹ́ kankan, torí géèmù ló ń gbá tọ̀sán tòru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Ó ní búlọ́ọ̀gì kan tó máa ń kọ nǹkan sí, bàbá ẹ̀ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mats ti lọ o, ó fi àdírẹ́sì ímeèlì sí i pé bóyá ẹnì kan máa fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá géèmù ni, wọ́n ń sọ ohun tí ọmọ náà ṣe fún wọn, ohun tí àwọn òbí tó bí i ò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n máa sin ín, àwọn kan wá láti Netherlands, Denmark, Finland àti Ìlú Ọba, wọ́n wá dúró ti bàbá àti ìyá tí wọn ò rí rí. BBC gbé ìtàn yìí jáde ní 2019, fíìmù kan tún jáde lórí ẹ̀ ní 2024, ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá.

Ẹ fi ojú ọmọ Èkìtì wò ó. Ọmọ ọdún 25, òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí pé à ń se ìrẹsì, òbí gan-an kì í dé ìdí sàréè ọmọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ohun tí àlejò máa rí jẹ níbi òkú ọ̀fọ̀ ju ẹkún lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ bàálù wá.

Àìsàn wo ló ṣe é? Ṣé àwọn ayé ló ṣe é ni?

Rárá o, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí torí mo ti rí ohun táwọn kan ń kọ sábẹ́ fídíò náà. Duchenne lorúkọ àìsàn ọ̀hún, orúkọ dókítà ará Faransé kan tó ṣàlàyé ẹ̀ láti bí ọdún 1860 sókè ni wọ́n fi pè é. Ohun tó ń di iṣan ara wa mú, tí wọ́n ń pè ní dystrophin, ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe é, torí náà iṣan ń yọ́ díẹ̀díẹ̀: ẹsẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́, tó bá yá ó kan èémí àti ọkàn. Ọkùnrin ló sábà máa ń mú. Kì í ràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń bí i mọ́ ọmọ, ó sì lè gba ọ̀dọ̀ ìyá wá láìjẹ́ pé ìyá náà mọ̀ pé nǹkan kan wà lára òun, nínú bí ọmọ mẹ́ta tó ní in, ọ̀kan wà tí kò tiẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ìyá wá rárá, ó kàn ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá ọmọ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pe ìyá kankan ní àjẹ́. Ìyá tó ń gbé ọmọ tó ti tó géńdé sẹ́yìn lọ sílé ìwẹ̀, ẹrù tó wà lọ́rùn ẹ̀ ti tó.

Tẹ́ ẹ bá rí ọmọkùnrin kékeré tó máa ń ṣubú ṣáá, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ dìde nílẹ̀ á máa fi ọwọ́ ti itan ara ẹ̀ gòkè bí ẹni ń gun igi, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹ̀ sì tóbi jù, ẹ gbé e lọ fún dókítà ọmọdé ní tíṣìn họ́sípítù Adó tàbí ti Ìdó. Kò tíì sí oògùn tó ń mú un kúrò pátápátá, àmọ́ ìtọ́jú wà tó ń fa ẹ̀mí gùn.

Ṣé tẹ́tẹ́ ni géèmù yẹn?

Rárá, kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọ́n fi di ọ̀rẹ́?

World of Warcraft lorúkọ ẹ̀, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Blizzard ló gbé e jáde ní 2004. Ayé kan gbáko ni, igbó wà ńbẹ̀, ìlú wà ńbẹ̀, ilé ọtí wà ńbẹ̀, àìmọye èèyàn láti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi jọ wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú ẹ̀dá kan táá máa lò, Mats mú ọkùnrin gìrìpá kan tó pè ní Ibelin. Ó wá wọ ẹgbẹ́ kan nínú géèmù náà, Starlight ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n á jọ jagun, wọ́n á jọ ṣeré, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n kàn jókòó ni, wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sí ara wọn, bí ilé ṣe rí, bí ìdánwò ṣe lọ, ẹni tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́.

Ohun kan wà tí mo bá kà á, mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀ ná. Mats tí kò lè rìn, tó bá ti wọ géèmù yẹn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á sáré. Á kàn máa sáré gba inú igbó lọ kó tó ṣe ohunkóhun míì. Lẹ́yìn tó kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń péjọ lọ́dọọdún nínú géèmù yẹn láti fi rántí ẹ̀, wọ́n á jọ sáré gba ọ̀nà tó máa ń gbà.

Ọmọbìnrin kan wà ní Netherlands táwọn òbí ẹ̀ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹ̀ torí ìwé, ọmọ náà wá ń rẹ̀wẹ̀sì, Mats kọ lẹ́tà sí àwọn òbí yẹn láti fi bẹ̀ wọ́n. Ìyá kan tún wà ní Denmark tí ọmọ ẹ̀ ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun, Mats ló gbà wọ́n níyànjú pé kí ìyá àtọmọ jọ máa gbá géèmù náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ara wọn. Ọmọ tó jẹ́ pé wọ́n ń fún lóúnjẹ lẹ́nu ló ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn ò mọ̀. Ó kọ ọ́ sí búlọ́ọ̀gì ẹ̀ pé nínú géèmù yẹn àbùkù ara òun ò já mọ́ nǹkan kan, pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ já lọ́wọ́ òun. Nígbà tí àìsàn ń le sí i ó ń kanra, ó bá àwọn kan jà, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo sọ ìyẹn kẹ́ ẹ má baà rò pé áńgẹ́lì ni. Wọ́n bínú sí i, wọ́n sì tún wá síbi òkú ẹ̀.

Àwa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tí ò rí ṣọ̀rẹ́?

Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn bàbá wa náà ló ń di ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀ mọ́ okùn ránṣẹ́ sẹ́ni tó wà ní ìlú òdìkejì, àrokò ni, ẹni tó bá gbà á á mọ̀ pé ẹ̀fà ni wọ́n kà fóun, ọkàn onítọ̀hún ń fà sóun. Wọn ò rí ojú ara wọn lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sì dé.

Ohun tó yé mi nípa ẹ̀, ibi ayò ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá mi ń ta ayò lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa n'Íkéré, àwọn bí mẹ́fà méje ló máa ń péjọ síbẹ̀ lẹ́yìn oko. Òmíràn wà nínú wọn tí bàbá mi ò mọ orúkọ ìyàwó ẹ̀, tí kò jẹun nílé ẹ̀ rí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, yẹ̀yẹ́ àti ariwo, ó parí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan ò bá jáde títí oòrùn fi ń rọlẹ̀, wọ́n á rán ọmọdé lọ sílé ẹ̀ lọ wò ó. Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán. Mo bá ọ̀kan lórí ẹní lọ́jọ́ kan tí ibà ti dá a gúnlẹ̀, òun nìkan ló wà nílé.

Lójú tèmi, ọ̀rẹ́ ibi eré nìyẹn: ẹni tó mọ̀ lọ́jọ́ tí o ò bá wá.

Ṣé irú ẹ̀ wà ní Èkìtì tiwa níbí?

Ó wà. Orí Lichess ni mo ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀fẹ́ ni, kì í gba dátà púpọ̀. Ẹnì kan wà tá a ti jọ ń ta á fún bí ọdún mẹ́ta, Bọ̀dá Ìlawẹ̀ ni mò ń pè é torí gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé Ìlawẹ̀ ló ń gbé, ó sì jù mí lọ. Eré tá a máa ń ta, ọjọ́ mẹ́ta lẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi ronú kó tó gbé nǹkan, àmọ́ èmi kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Màmá mi wá dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n dá wọn dúró sọ́sípítù ní Adó, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lórí ṣẹ́ẹ̀sì, mo kàn dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ sí mi pé, "Àbúrò, láti àná ni mo ti fẹ́ jẹ ẹṣin ẹ, o ò gbé e kúrò. Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà tí mo ka ìyẹn. Omi bọ́ lójú mi.

Mo sọ fún un. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e mo jáde láti lọ ra oògùn, mo rí bàbá kan lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, fúláàsìkì wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ó gbé fóònù sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń yí i sọ́dọ̀ ẹni tó bá ń kọjá. Mo sún mọ́ ọn. Eré wa ló wà lójú fóònù yẹn, ẹṣin mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Kò mọ orúkọ mi, kò mọ ojú mi, ó ní òun mọ̀ pé màá dá bọ́ọ̀dù náà mọ̀. Ògì gbígbóná ló wà nínú fúláàsìkì, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín eléwé tí ìyàwó ẹ̀ dì sínú ọ̀rá. Màmá mi mu ògì yẹn tán, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n mu tán láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ọmọ mi ò kúrò nídìí fóònù. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ bi í pé ta lo ń bá ta á, irú èèyàn wo ni. Bàbá Mats ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ì bá ti fẹ́ mọ ohun tọ́mọ náà ń ṣe nínú ayé yẹn nígbà tó ṣì wà láàyè. Tó bá jẹ́ pé kì í sùn, kì í jẹun, kò kàwé mọ́, ẹ dá aago sí i. Ẹ má kàn já a gbà lójijì láìjẹ́ kó dágbére, àwọn kan wà níbẹ̀ tó máa máa wò ó lọ́nà.

Yahoo ńkọ́?

Ẹ̀rù yẹn tọ́, èmi náà ń bẹ̀rù ẹ̀. Ibi tí ìfẹ́ bá ti wà lọ́bàyéjẹ́ máa ń wá. Ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí owó sí yín nígbà tẹ́ ẹ ò tíì ta eré mẹ́wàá pọ̀, ẹ sá fún un. OTP, nọ́ńbà tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, kì í ṣe ohun tá a ń fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín náà kọ́, ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín máa di ẹ̀yin. Tí ọ̀rẹ́ yín látọjọ́ bá dédé tọrọ owó lórí WhatsApp, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ná, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba àkáǹtì lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015, àmọ́ owó tó bá ti lọ kì í sábà padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pàdé, ojú ọ̀sán, ibi tí èèyàn pọ̀ sí, kẹ́nì kan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé 18 ò gbọdọ̀ dá lọ.

Tí ẹnì kan bá dákẹ́ lójijì ńkọ́?

Ẹ béèrè ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹlòmíì á ṣe é.

Tí ọlọ́jọ́ bá dé, ta ló máa sọ fún wọn?

Ìbéèrè tí ò jẹ́ kí n sùn nìyí. Ká ní bàbá Mats ò rí búlọ́ọ̀gì yẹn wọ̀ ni, àwọn òbí yẹn ì bá ṣì gbà títí dòní pé ọmọ àwọn ò ní ẹnì kankan. Google ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ẹni tí wọ́n máa kàn sí tí àkáǹtì yín bá wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìlò, Facebook náà ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ẹni táá máa bójú tó ojú ewé yín. Àmọ́ ìwé àti bírò tó o. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín, ẹni kan tàbí méjì níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè rí wọn, ẹ má kọ páswọ́ọ̀dù báńkì sí i.

Mo ti kọ tèmi sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà nínú báàgì tí mo ń kó ìwé ẹ̀rí mi sí, àbúrò mi obìnrin mọ ibẹ̀. Nọ́ńbà Bọ̀dá Ìlawẹ̀ ló wà lókè. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni mo kọ síbẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.