Owó onírin Amẹ́ríkà tó ṣọ̀wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìdókòwò

Owó onírin Amẹ́ríkà tó ṣọ̀wọ́n ni àwọn owó wúrà, fàdákà, níkẹ́lì àti bàbà tí ilé iṣẹ́ ìrọwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rọ láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù nínú wọn, tàbí pé ìwọ̀nba ló ṣì wà ní ipò tó dára. Àwọn kan ń rà wọ́n nítorí ìfẹ́ ìtàn, àwọn mìíràn ń rà wọ́n kí wọ́n lè tún wọn tà lérè. Gbàǹjo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbówó lórí jù ti ń bọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní 8 oṣù Kẹfà 2021, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ta owó wúrà dọ́là 20 kan tí wọ́n rọ ní 1933 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 18.9 dọ́là. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí owó onírin tó pa tó bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo.

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń fa àwọn olùdókòwò tuntun wọ ọjà yìí. Àmọ́ iye tó ń jáde nínú ìròyìn kọ́ ni iye tó ń dé ọwọ́ ẹni tó ta ọjà, èrè tó wà níbẹ̀ sì lè kéré púpọ̀ sí bó ṣe ń dún létí.

Ohun tó ń mú owó kan wọ́n

Òfin 2 oṣù Kẹrin 1792 ló dá ilé iṣẹ́ ìrọwó Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Philadelphia. Dọ́là fàdákà àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1794 kò ju ẹyọ 1,758 lọ. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní New Orleans, San Francisco, Carson City, Denver àti ibòmíràn, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ lẹ́tà tirẹ̀ sára owó. Lẹ́tà kékeré yìí nìkan lè sọ owó tí ì bá pa dọ́là mélòó kan di ohun tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà.

Pé owó kan kò pọ̀ kò tó láti mú un wọ́n. Àfi kí àwọn tó ń wá a pọ̀ ju iye tó wà lọ. Ní 1909, San Francisco rọ sẹ́ǹtì bàbà ẹyọ 484,000 tó ní lẹ́tà V.D.B. lẹ́yìn, ìyẹn orúkọ Victor David Brenner tó ya àwòrán rẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe kékeré. Owó àtijọ́ wà tí wọn ò rọ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí kò sì wọ́n tó o. Ohun tó gbé sẹ́ǹtì yìí ga ni pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ló ti ń kó irú sẹ́ǹtì yìí, tó ní orí Ààrẹ Lincoln, jọ láti kékeré, èyí sì ni ojú ihò tó máa ń ṣófo gbẹ̀yìn nínú páálí tí wọ́n ń tò ó sí.

Ohun tí gbogbo ọjà gbà pé ó ṣọ̀wọ́n sì lè má ṣọ̀wọ́n rárá. New Orleans rọ dọ́là fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 4 ní 1903, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ekukáká ni àwọn olùkójọ fi ń rí ẹyọ kan tó mọ́. Èrò wọn ni pé wọ́n ti yọ́ ìyókù lábẹ́ òfin Pittman ti 1918, èyí tí ìjọba tìtorí rẹ̀ yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 270. Ní 1962, ìwé tí àwọn oníṣòwò fi ń mọ iye ọjà kọ 1,500 dọ́là sí ẹyọ kan tí kò tíì kọjá lọ́wọ́ aráàlú. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Ilé Iṣẹ́ Ìṣúra bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àpò tó ti wà ní ìpamọ́ láti ìgbà pípẹ́ síta, owó 1903 ti New Orleans ló sì kún inú àwọn kan níbẹ̀. Kò pẹ́ tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀ sí abẹ́ 50 dọ́là. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó yẹn, sí owó wúrà dọ́là 20 tí San Francisco rọ ní 1857, nígbà tí wọ́n gbé èyí tó lé ní 5,000 jáde láti inú ọkọ̀ SS Central America tó rì sínú òkun ní ọdún yẹn gan-an.

Ipò owó

Owó méjì tí wọ́n rọ lọ́jọ́ kan náà lè jìnnà síra wọn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lórí àtẹ. Òṣùwọ̀n 1 sí 70 ni wọ́n ń lò. William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní 1949 fún àwọn sẹ́ǹtì ńlá ayé àtijọ́, kí àwọn yòókù tó gbà á fún gbogbo owó. Láti 60 sókè ni owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná rí. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló ń sọ ipò ọjà tó ń tà tẹ́lẹ̀, ìjà kì í sì í tán níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, tí ilé iṣẹ́ NGC sì tẹ̀ lé e ní 1987, ẹni tí kò sí nínú kàtàkàrà ọjà náà ló wá ń yẹ owó wò, tó ń fún un ní nọ́ńbà, tó sì ń dì í mọ́ inú ike tí kò ṣeé ṣí láìfọ́. Láti 2007, ilé iṣẹ́ mìíràn, CAC, ń lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ ike tí wọ́n bá gbà pé owó inú rẹ̀ tó nọ́ńbà tí wọ́n fún un.

Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń di etí owó mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, kò ní fọwọ́ kan ojú rẹ̀, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ fàdákà tí ẹnikẹ́ni kò tíì nù, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn yí ojú owó ká bó ṣe ń yí i. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi aṣọ nù tàbí tí wọ́n ti fi kẹ́míkà fọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kò ní rìn, àwọn ìlà tín-ín-rín bí irun á sì yọ lójú rẹ̀. Ìlà yẹn kò ṣeé pa rẹ́, ó sì lè mú ìdajì iye owó náà lọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó àjogúnbá ló bàjẹ́ báyìí lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ kó dán. Ọ̀rá onírọ̀bà tó ní PVC nínú tún máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé tó ń jẹ owó lójú.

Gbàǹjo àti owó ilé gbàǹjo

Heritage ní Dallas àti Stack's Bowers ní Costa Mesa, California, wà lára àwọn ilé gbàǹjo tó tóbi jù nínú òwò yìí. Wọ́n á tẹ ìwé tó ṣàlàyé ọjà kọ̀ọ̀kan, ipò rẹ̀ àti àwọn tó ti ní in rí. Àwọn oníbàárà á wá máa ná an nínú gbọ̀ngàn, lórí fóònù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olówó ọjà lè ti sọ iye tí wọn ò gbọdọ̀ tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ná an tó bẹ́ẹ̀, ọjà náà á padà sílé.

Ibi tó yẹ kí olùdókòwò tẹjú mọ́ jù ni owó tí ilé gbàǹjo ń fi lé iye tí òòlù balẹ̀ lé, ìyẹn iye ìkẹyìn tí wọ́n ná ọjà náà dé. Ẹni tó rà á ló ń san án, wọ́n sì máa ń kà á mọ́ iye tí wọ́n ń kéde. Ní 1996, níkẹ́lì (owó sẹ́ǹtì márùn-ún) 1913 tó jẹ́ ti Louis Eliasberg, olùkójọ láti Baltimore, di owó onírin àkọ́kọ́ tó kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là ní gbàǹjo. Òòlù balẹ̀ ní 1,350,000. Pẹ̀lú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 1,485,000. Ní 2002, ìdá 15 ni wọ́n fi lé owó wúrà 1933. Ní oṣù Kìíní 2013, dọ́là fàdákà 1794 kan tó wà ní ipò tí kò lẹ́gbẹ́ di owó onírin àkọ́kọ́ tó kọjá mílíọ̀nù 10: òòlù balẹ̀ ní 8,525,000, ìdá 17.5 gbé e dé 10,016,875. Nígbà tó fi di 2021, ìdá 20 ti di ohun tó wọ́pọ̀. Láàárín ọdún 25, owó yìí di ìlọ́po méjì. Ẹni tó rà lónìí ní ìdá 20 tó sì tún fẹ́ tà lọ́la ní gbàǹjo kan náà gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò san ju gbogbo iye tóun san lọ, kí ó tó lè gba owó rẹ̀ padà.

Dọ́là 1804

Dọ́là yìí ni wọ́n ń pè ní ọba àwọn owó Amẹ́ríkà. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí wọ́n rọ ní 1804. Ní nǹkan bí 1834 ni wọ́n rọ àwọn àkọ́kọ́, kí Edmund Roberts, aṣojú ìjọba, lè fi ta àwọn ọba Siam àti Muscat lọ́rẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i nínú ìwé pé 1804 ni wọ́n rọ dọ́là kẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọdún yẹn sí i. Àpapọ̀ èyí tó wà káàkiri ayé kò ju bíi mẹ́rìndínlógún lọ.

Èyí tó dára jù nínú wọn, tí wọ́n ka ìtàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Sultan Muscat, pa mílíọ̀nù 4.14 dọ́là ní oṣù Kẹjọ 1999. Ní 2016, wọ́n ná an kọjá mílíọ̀nù 10, àmọ́ kò tó iye tí olówó rẹ̀ ń fẹ́, kò sì tà. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ó tà ní mílíọ̀nù 7.68. Bí a bá yọ ìdá 20 ti ilé gbàǹjo, mílíọ̀nù 6.4 ló kù. Láti 4.14 sí 6.4 láàárín ọdún 22 jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí àpapọ̀ ọ̀wọ́n ọjà ní Amẹ́ríkà láàárín ìgbà kan náà lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Olówó ọjà ńlá lè bá ilé gbàǹjo dúnàá-dúrà kó gbà nínú owó wọn, èyí kì í sì í hàn síta, nítorí náà ìṣirò yìí lè yí díẹ̀. Ó ṣì ṣòro láti pè é ní èrè ńlá.

Owó wúrà 1933 àti ẹ̀tọ́ ìní

Kò sí owó tó fi hàn tó èyí pé ìtàn ọwọ́ tí owó ti gbà kọjá lè borí ohun gbogbo. Philadelphia rọ ẹyọ 445,500 ní 1933. Ní 5 oṣù Kẹrin ọdún náà, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ kí aráàlú dá owó wúrà wọn padà fún báńkì, àwọn owó tuntun náà kò sì jáde. Nígbà tó fi di 1937, wọ́n ti yọ́ wọn, àfi méjì tó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ti jáde ní ọ̀nà ẹ̀yìn, gba ọwọ́ Israel Switt, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Philadelphia.

Ọ̀kan dé ọwọ́ Farouk, ọba Íjíbítì. Ní 1944, Ilé Iṣẹ́ Ìṣúra fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó mọ̀ pé jíjí ni wọ́n jí i. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Farouk kúrò lórí oyè, àwọn ológun gbé ẹrù rẹ̀ sí gbàǹjo ní Cairo ní 1954. Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ owó náà kúrò. Wọ́n yọ ọ́, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1996, oníṣòwò kan láti Ìlú Ọba gbé ọ̀kan wá sí òtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria ní New York láti tà á, àwọn agbófinró tó díbọ́n bí oníbàárà sì mú un. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní 2001: kí wọ́n ta owó náà, kí òun àti ìjọba pín iye tó bá pa. Ìwé 1944 yẹn ló ràn án lọ́wọ́. Ní 30 oṣù Keje 2002, ó pa 7,590,020 dọ́là. Dọ́là 20 tó wà nídìí rẹ̀ ni iye tí wọ́n kọ sí ara owó náà. Ẹni tó rà á san án fún ìjọba kó lè di owó tó bófin mu. Stuart Weitzman, tó ń ṣe bàtà, ni ẹni náà, òun ló sì tún tà á ní 2021.

Ìdílé Switt rí mẹ́wàá mìíràn nínú àpótí ìpamọ́ báńkì ní 2003, wọ́n sì kó wọn fún ilé iṣẹ́ ìrọwó láti yẹ̀ wọ́n wò. Ìjọba kò dá wọn padà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ aráàlú dá ìjọba láre ní 2011. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ìdílé náà, ó tún padà gbè sẹ́yìn ìjọba ní 2016. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Owó kan náà, ọdún kan náà: ọ̀kan ní ìwé, àwọn yòókù kò ní in.

Kódà fún èyí tó ní ìwé, èrè náà ń bẹ fún àgbéyẹ̀wò. Láti 2002 sí 2021 ó fi díẹ̀ dín ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Láàárín ìgbà kan náà, wúrà lásán lọ láti nǹkan bí 300 sí nǹkan bí 1,900 dọ́là fún ọ́ǹsì kan, ìyẹn ìlọ́po mẹ́fà.

Níkẹ́lì 1913

Níkẹ́lì tó ní orí Liberty tí wọ́n kọ 1913 sí lára kò ju márùn-ún péré lọ, wọ́n sì rọ wọ́n láìsí àṣẹ ìjọba. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkójọ kan, George Walton, nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1962. Wọ́n sọ fún ìdílé rẹ̀ pé ayédèrú ni, wọ́n sì fi í pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di 2003, nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé e ti àwọn mẹ́rin yòókù ní Baltimore tí wọ́n sì rí i pé ojúlówó ni. Ó tà ní 3,172,500 dọ́là ní 2013.

Ayédèrú àti owó orí

Òfin 1973 sọ pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ “COPY” sára gbogbo àdàkọ. Ayédèrú ṣì wà lọ́jà, àti owó àti ike tí wọ́n fi ń dì í, nítorí náà PCGS àti NGC jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà ara ike wá àwòrán tàbí àkọsílẹ̀ owó náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lábẹ́ òfin owó orí Amẹ́ríkà, ohun ìkójọ ni owó onírin wọ̀nyí. Èrè lórí èyí tí ènìyàn bá ní ju ọdún kan lọ lè san owó orí tó tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ìpín ìdókòwò nínú ilé iṣẹ́ kì í kọjá ìdá 20. Láti òfin 1981, wọn kò sì lè wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì aládàáni, àfi àwọn owó wúrà àti fàdákà òde òní kan tí òfin yọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.