Ẹ Yé Da Ìkòkò Aró Yín Nù: Ọ̀rọ̀ Lórí Browser Tó Ń Falẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ènìyàn mẹ́rin ló gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì rò: "Bọ̀dá, ojú òpó ò tètè ṣí mọ́, ẹ bá mi mú un yára." Mo bi ẹni àkọ́kọ́ pé kí ló ti ṣe sí i. Ó ní àràárọ̀ lòun ń nu cache browser òun, ìyẹn ibi tí browser ń tọ́jú àwọn fáìlì ojú òpó tí ẹ ti ṣí sí. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin ò nu nǹkan kan, ó ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú, pé aládùúgbò òun kan ló wà nídìí ẹ̀. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù náà lójú ẹ̀. Tab mọ́kànlélógójì, ìyẹn ojú ewé mọ́kànlélógójì, ló wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, jẹ́ 4GB. Tab kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú RAM yẹn, àní èyí tí ẹ ò wò láti àná. Mo pa márùndínlógójì nínú wọn, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aládùúgbò yín sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ cache yìí ló ń dùn mí jù. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ bi àwọn ìyá aláró léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gún ewé ẹlú, wọ́n á sá a, wọ́n á da omi eérú lé e nínú ìkòkò, wọ́n á wá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè mú aṣọ. Bó bá ti ṣe tán, aṣọ tó bá dé, rírẹ ló kù. Ta ni aláró tó ń da ìkòkò rẹ̀ nù láràárọ̀ kí iṣẹ́ lè yá? Ohun tí ẹ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ojú òpó kan, browser á kó àwòrán rẹ̀, irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ àti àwọn fáìlì tó ń mú un ṣiṣẹ́, á tọ́jú wọn sórí ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá padà lọ, ohun tó yí padà ló máa lọ gbé. Bí ẹ bá nù ún, á tún kó gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, dátà yín ló sì máa fi kó o. Ẹ nù ún nígbà tí ojú òpó kan bá ń ṣe ségesège tàbí tó kọ̀ láti fi ohun tuntun hàn, tàbí tí àyè bá tán pátápátá lórí ẹ̀rọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí a ń sùn mọ́jú ní kafé ní Ìbarà, nítorí náà mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn "àṣírí" tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti wá. Èyí tó ní kí ẹ wọ about:config, ojú ewé ètò tó fara sin nínú Firefox, kí ẹ sọ network.http.pipelining di true, kí browser lè máa béèrè ọ̀pọ̀ fáìlì léraléra láìdúró de èsì, èmi náà ṣe é láyé ìgbà yẹn. Mozilla ti yọ ọ́ kúrò látọdún 2017. HTTP/2, ìlànà tí browser àti ojú òpó fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó jáde ní 2015, ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa ju bó ṣe ń ṣe é lọ, láìjẹ́ pé ẹ tẹ ohunkóhun. Àwọn tó sì ń wá Data Saver inú Chrome orí fóònù, Google ti pa á tì ní 2022. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín tàn án, ó jẹ owó yín lásán ni.

Kò sí bọ́tìnì kankan nínú settings tó lè fi kún agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹrù browser la lè dín kù. Ẹ tan Memory Saver nínú Performance ní settings Chrome, kí Chrome lè máa fi tab tí ẹ ò lò sùn. Bí dátà bá ṣọ̀wọ́n, ẹ dí àwòrán nínú site settings, tàbí kí ẹ lo Opera Mini fún ìròyìn kíkà, torí sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá wọn, ló ń kọ́kọ́ fún ojú ewé náà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìpolówó ọjà ló sì wúwo jù lórí ọ̀pọ̀ ojú òpó ìròyìn. uBlock Origin lórí Firefox máa ń dí i, ti fóònù Android náà gbà á.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ extension kan yìí, ìyẹn ohun kékeré tí a ń so mọ́ browser kó lè ṣe iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ má lọ kó ogún wọlé.

Màmá kan wà tó ń ta àdìrẹ, oníbàárà mi ni. Ọmọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà bá wọn kó extension márùn-ún sínú Chrome, gbogbo wọn ń jẹ́ booster. Láptọ́ọ̀pù náà tún wá falẹ̀ sí i, ìpolówó ń yọ níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Màmá fara dà á fún oṣù méjì. Ó wá di ọjọ́ kan, oníbàárà wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi 420,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí Màmá ò mọ̀ rí. Inú ímeèlì Màmá fúnra wọn ni nọ́ńbà àkáǹtì yẹn ti jáde lọ. Mi ò lè búra pé extension ló ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, mẹ́ta nínú márààrún ló ní àṣẹ láti ka gbogbo ohun tó wà lórí gbogbo ojú òpó tí Màmá bá ṣí, kí ó sì yí i padà. Ímeèlì wà níbẹ̀. Báńkì wà níbẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ni ohun tó ń mú ojú ewé yára fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Mo yọ márààrún, a yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù padà lórí ẹ̀rọ mìíràn, mo sì fi ìdánilójú onígbẹ̀ẹ́sẹ̀ méjì sórí ímeèlì náà, kí páásíwọ́ọ̀dù nìkan má bàa tó láti wọlé. Owó ò padà. Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù yẹn ò sì tíì ra aṣọ lọ́wọ́ Màmá mọ́ títí di òní.

Ẹ kọ chrome://extensions síbi tí ẹ̀ ń kọ àdírẹ́sì ojú òpó sí, kí ẹ tẹ Enter. Èyí tí ẹ ò bá mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lálẹ́ òní.