Bí aláwọ̀ dúdú ṣe di akọni nínú fíìmù kọ́bọ̀ì

Ẹṣin ni Bill Pickett fi ń lé akọ màlúù. Tó bá ti lé e bá, á bẹ́ lé e láti orí ẹṣin, á gbá ìwo rẹ̀ méjèèjì mú, á lọ́ ọ lọ́rùn títí imú ẹran náà á fi kọjú sókè. Ìgbà náà ni á wá fi eyín ká a mọ́ ètè òkè, á sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn gbì, tòun ti màlúù. Ọmọ Texas ni, 1870 ni wọ́n bí i, èèyàn dúdú sì ni. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń dá màlúù lulẹ̀ níbi ìdíje kọ́bọ̀ì ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi eyín dá a mọ́.

Kí lẹ rò pé kọ́bọ̀ì jẹ́ gan-an? Darandaran ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Texas ló ń da màlúù jẹun. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nínú kọ́bọ̀ì mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Hollywood ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ẹ̀yìn odi Hollywood ni wọ́n ti kọ́kọ́ hàn. Ní nǹkan bí 1921, Richard Norman, òyìnbó kan ní Florida tó ń ṣe fíìmù fún àwọn èèyàn dúdú, ya Pickett fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Herb Jeffries dé, akọrin láti Detroit. Ó ní òun bá ọmọdékùnrin dúdú kan tó ń sunkún, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣe Tom Mix, òyìnbó tó gbajúmọ̀ nínú fíìmù kọ́bọ̀ì, nínú eré wọn. Wọ́n ní Tom Mix kì í ṣe èèyàn dúdú. Ní 1937, Jeffries dé fìlà funfun, ó gun ẹṣin, ó ń kọrin nínú Harlem on the Prairie. Mẹ́rin irú ẹ̀ ló ṣe títí di 1939. Ilé sinimá àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n ti ń wò wọ́n.

Kì í kúkú ṣe èèyàn dúdú nìkan ni wọ́n rẹ́ jẹ. Nínú The Searchers tí John Ford, olùdarí fíìmù, ṣe ní 1956, Henry Brandon, ẹni tí wọ́n bí ní Jámánì, ló ṣe olórí àwọn Comanche, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ya fíìmù náà, ni wọ́n kó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n ṣe Comanche. Bí ẹni ní kí Ìjẹ̀ṣà lọ ṣe Tápà ni.

Ford yìí kan náà ló tún ṣe Sergeant Rutledge ní 1960: sájẹ́ńtì aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti ìpànìyàn kàn níwájú ilé ẹjọ́ ológun. Ilé iṣẹ́ fíìmù ń dárúkọ Sidney Poitier àti Harry Belafonte, àwọn òṣèré dúdú tó lórúkọ. Ford kọ̀ jálẹ̀, Woody Strode ló mú. Géńdé ni Strode, ó ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní 1946 nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń gba èèyàn dúdú sínú líìgì ńlá. Lórí ọ̀ràn ọkùnrin yìí ni gbogbo ìtàn dúró lé, síbẹ̀ nínú orúkọ àwọn òṣèré, òyìnbó mẹ́ta ló ṣáájú Strode.

Ohun tí Strode kò gbàgbé ni ibi tó ti fi ẹṣin sọdá odò Pecos nínú fíìmù náà. Ó ní òun fúnra òun ló gùn ún, àti pé gbogbo ìran dúdú pátá lòun gbé sọdá odò yẹn.

Ní 1961, Ford tún ránṣẹ́ pè é. Comanche ló fi í ṣe.