Láptọ́ọ̀pù kékeré fún ibi iṣẹ́: ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù ńlá tí mo ní wúwo, èjìká ń ro mí bí mo bá gbé e wọ BRT. Mo fẹ́ ra kékeré kan kún un, fún lẹ́tà, Excel àti ìpàdé Zoom níbi iṣẹ́. Owó ọwọ́ mi tó ra tuntun olówó pọ́ọ́kú, ó sì tó ra tòkunbọ̀ tó ti pé bí ọdún méje. Ọ̀rẹ́ mi ní tòkunbọ̀ ni kí n rà. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Tuntun olówó pọ́ọ́kú yẹn sábà máa ń ní ọpọlọ (processor) Celeron tí agbára rẹ̀ kéré, RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB, àti ibi ìkópamọ́ 64GB tí wọ́n jó mọ́ pátákó inú rẹ̀, tí kò ṣeé yọ pààrọ̀. 4GB àti 64GB yìí gan-an ló kéré jù tí Microsoft gbà fún Windows 11. Ẹ ṣí Zoom àti Excel pọ̀, kíá lẹ máa rí i pé ó ti ń wọ́lẹ̀.

Tòkunbọ̀ yẹn ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Àwọn yẹn máa ń pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí kò tilẹ̀ tíì bàjẹ́, ìyẹn ló fi ń dé Computer Village ní Ìkẹjà ní owó tí apá wa ká. Ẹ wá Dell Latitude 7290, HP EliteBook 830 G5 tàbí ThinkPad X280, tó ní SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára) àti RAM 8GB. Wọn kì í sábà wọ̀n tó kìlò kan ààbọ̀, ṣájà USB-C sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. RAM ti X280 nìkan ni kò ṣeé fi kún, nítorí náà ẹ má ra èyí tó ní 4GB.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ti gbó jù?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Nínú i5-8350U, 8 tó tẹ̀ lé àmì (-) yẹn ń sọ pé ìran kẹjọ ni. I5-6300U jẹ́ ìran kẹfà. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sì gbà fún Windows 11, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Oníṣòwò lè fi ipá gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà kó sì ṣiṣẹ́ lójú yín. Ẹ má gbà.

Ìbéèrè: Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Bátìrì ni àkọ́kọ́. Mo ti ra ọ̀kan rí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìpàdé kan tó parí, ó ti kú, kò sì sí iná lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ fi Full Charge Capacity (iye iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé Design Capacity (iye tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun): bí 50,000 bá ti di 25,000, ìdajì bátìrì ti lọ, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án, kí ẹ tẹ F2 lórí Dell, F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad, láti wọ BIOS, ìyẹn ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí oníṣòwò kò mọ̀, tàbí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan yọ nígbà tí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti tò ó ní tuntun, ilé-iṣẹ́ tó ni í tẹ́lẹ̀ ṣì lè tì í mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn; ẹ gbé e fún oníṣòwò padà, iye yòówù kó dá lé e.