Ṣé ẹja mìíràn á kàn rọ́pò èyí tí a bá pa? Ẹ wo Jamáíkà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ẹja òkun ò lè tán, pé bí apẹja bá kó irú kan tán lónìí, irú mìíràn á gba ipò rẹ̀ lọ́la. Fún ẹja inú òkìtì iyùn, ìyẹn òkúta abẹ́ òkun tí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní iyùn ń kọ́, irọ́ ni. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹja díẹ̀ péré ló ń ṣe é, bí wọ́n bá sì ti lọ, kò sí ẹja mìíràn tó máa bá wọn ṣe é.

Ní etíkun àríwá Jamáíkà, erékùṣù kan ní òkun Kàríbíánì, ìgèrè tí wọ́n fi wáyà hun ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò, ojú rẹ̀ ò sì ju ínǹṣì kan àti díẹ̀ lọ. Àwọn ẹja ńlá bíi grouper àti snapper ló kọ́kọ́ wọ́n. Ni wọ́n bá kọjú sí parrotfish, ẹja aláwọ̀ mèremère tí eyín rẹ̀ so pọ̀ bí àgógó odídẹrẹ́. Àwọn kan ní kò burú láti pa á, torí pé ó ń gé iyùn jẹ. Lóòótọ́, ojú eyín rẹ̀ máa ń hàn lára iyùn. Ṣùgbọ́n ara òkúta iyùn tó ti kú ló ti ń jẹun jù, tó ń ha ewéko òkun kúrò. Ojú ibi tó bá ha mọ́ yẹn ni ọmọ iyùn ń rí lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí parrotfish dínkù, òòrẹ̀ òkun dúdú kan, ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Diadema, ló kù tó ń jẹ ewéko náà, ìyẹn ni ò jẹ́ kí èèyàn tètè rí ewu tó wà ńlẹ̀. Ìjì líle Allen fọ́ iyùn ibẹ̀ lọ́dún 1980. Nígbà tó di 1983, àrùn pa èyí tó pọ̀ jù nínú Diadema káàkiri òkun Kàríbíánì. Níbi tí àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, iyùn alààyè tó bo nǹkan bí 52% ilẹ̀ òkun lọ́dún 1977 já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3% ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ewéko gòkè láti 4% sí 92%.

Èyí gan-an ló ń dùn wá jù: ẹja tí ẹnikẹ́ni ò dẹ ìgèrè fún náà ń fara gbá irú nǹkan báyìí. Èyí tó ń ṣán iyùn alààyè ò róúnjẹ, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá sáàárín ẹ̀ka iyùn ò ríbi sá sí.

Bí parrotfish ṣe ń dàgbà tún dá kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, abo ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, kí wọ́n tó di akọ. Akọ ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò yẹn ni àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ omi máa ń lé, akọ tó máa bá àwọn abo bímọ á sì máa dínkù.

Ohun tó ṣeé ṣe wà. Ní Curaçao, erékùṣù mìíràn ní òkun Kàríbíánì, wọ́n dán ìgèrè tó ní ihò tóóró wò, fífẹ̀ ihò náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹja kékeré àtàwọn pẹlẹbẹ tí ò ní láárí lọ́jà ń gbabẹ̀ jáde. Irú wọn tó ń há sínú ìgèrè fi ohun tó lé ní 70% dínkù, owó tí ẹja inú rẹ̀ ń pa ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Belize, orílẹ̀-èdè kan tó wà létí òkun Kàríbíánì, ní tirẹ̀ fòfin de pípa parrotfish lọ́dún 2009. Torí pé ẹran ẹja tí wọ́n ti bó láwọ ò ṣeé dá mọ̀, òfin ibẹ̀ ní kí awọ díẹ̀ ṣẹ́ kù lára ègé ẹja kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ snapper.